Ìka Lẹ́yìn Etí

Ní Òkò Bàbá, níbi tí ìtì gẹdú ti ń léfòó lórí ọ̀sà
bí ẹran tí a so lọ́rùn pọ̀,
bí ayùn bá ti bú, kò sẹ́ni tí kì í ṣe adití.
Ọ̀gá Arógundádé lè la ẹnu títí a ó fi rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀,
ayùn yóò gbé ohùn náà mì.
Ọwọ́ ló kù.

Kàsúmù ló kọ́ wa.
Ìka méjì, ìka mẹ́rin: pákó méjì-mẹ́rin nìyẹn.
Àtẹ́lẹwọ́ tó ń gé àtẹ́lẹwọ́: dín in kù.
Ìkúùkù láyà: dúró, ènìyàn wà lábẹ́ igi.
Èyí ló yọ Ṣúáíbù lọ́wọ́ ikú lọ́jọ́ tí ìtì ìrókò yí gbirigbiri,
Ṣúáíbù tó máa ń pè é ní odi tẹ́lẹ̀.
Èmi akọ̀wé, èmi tí mo ń ka pákó,
mo kọ́ ọ débi tí mo fi rò pé mo ti gbọ́ èdè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́.
Bí wọ́n bá mú iná lọ,
tí ayùn ké tiín, tó dákẹ́,
a ó gbé ẹnu wa wọ̀ padà bí ẹ̀wù tí a sá.
A ó jókòó sórí ìtì, iyẹ̀fun pákó ní ìpéǹpéjú wa,
Ṣúáíbù a dá àpárá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó fẹsẹ̀ janlẹ̀.
Kàsúmù a máa wo ẹnu dé ẹnu
bí ẹni tó ń lé eṣinṣin kan ṣoṣo.
A fọwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: kí ni wọ́n wí?
Mo a ju ọwọ́ dànù: tó bá yá.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ ẹ́ ní gbèsè "tó bá yá".
Gbogbo pákó tó jáde ni mo kọ sínú ìwé.
N kò kọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó mú mi lọ sí yàrá kan ní Yábàá.
Ènìyàn bí ogójì. Ìjókòó onírin ń dún, bàtà ń dún,
ẹ̀rín ń dún, ẹ̀rín gidi.
Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti igun dé igun, láti ojú fèrèsé sí ìta;
ẹnìkan ń fi ọ̀tún jẹ búrẹ́dì, ó ń fi òsì jà.
Mo wá mọ̀ pé èyí tí mo gbọ́ ní Òkò Bàbá kò ju ọ̀rọ̀ ọmọ-ọwọ́:
dúró, gé e, méjì, ó tó.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gún Kàsúmù lẹ́gbẹ̀ẹ́: kí ni wọ́n wí?
Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbọ́wọ́ sókè.
Tó bá yá.

Ojú lọ̀rọ̀ wà;
mo ti ń pa á lówe kí n tó gbé ojú mi síbẹ̀.

Màmá Ẹfúnyẹmí, aránfìlà, àgbà gbogbo wọn, ló ṣàánú mi.
Ó tún àpárá náà sọ, díẹ̀díẹ̀:
ọkùnrin kan ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lójú oorun,
ìyàwó rẹ̀ tan àtùpà kó lè ka orúkọ obìnrin tó ń pè.
Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rín ti tán nílẹ̀.
Màmá wò mí látòkè délẹ̀, ó fi ìka kan ha ẹ̀yìn etí rẹ̀.
Gbogbo ilé gbà á: ìka lẹ́yìn etí, ìka lẹ́yìn etí.
Inú bí mi. Mo ní etí mi ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín,
etí tó ń ṣiṣẹ́, tí kò gbọ́ nǹkan kan.
Kàsúmù nawọ́, ó yọ pẹ́ńsù tó wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀,
tí mo ti gbàgbé,
ó fi hàn mí. Ìwọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú iná lọ láàárín ìtì ọ̀gánwó kan.
Ayùn dákẹ́ sínú igi.
Àpárá ti dé ètè Ṣúáíbù.
Mo gbọn iyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́ mi méjèèjì,
mo yíjú sí Kàsúmù, mo bẹ̀rẹ̀ èyí ti ọkùnrin olóorun.
N kò yára. Mo ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un ṣe fún mi.
Kò jẹ́ kí n dé ìdí rẹ̀ tó fi bú sẹ́rìn-ín,
ọ̀sà ń gbá ìtì mọ́ ìtì, kó, kó, kó,
Ṣúáíbù ń wo ọwọ́ dé ọwọ́:
"Ẹ dúró ná. Kí lẹ wí?"